Parallelepiped: sílébù mélòó ló ní, báwo ni wọ́n ṣe ń pè é, Gíríkì wo ló wà nínú ẹ̀?

ÌyáTèmi (Ọba-Ilé, Àkúrẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan kó tó dìjà nílé mi. Ọmọ mi tó wà ní SS2 wà lára àwọn tó fẹ́ lọ ṣojú iléèwé wọn níbi ìdíje mátíìsì tí àwọn iléèwé girama fẹ́ ṣe ní Àkúrẹ́ níbí. Abala kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé wọ́n á kàn mú orúkọ kan nínú jíọ́mẹ́tírì, wọ́n á ní kí ọmọ sípẹ́lì ẹ̀, kó pè é dáadáa, kó sọ iye sílébù tó ní, kó wá sọ ọ̀rọ̀ Gíríkì tí wọ́n fi kàn án pọ̀. Èyí tó pọ̀ jù la ti ń rí ojú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ parallelepiped yìí ti dá wàhálà sílẹ̀. Tíṣà wọn níléèwé ní sílébù márùn-ún ni, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin tó jẹ́ ẹnjiníà ní irọ́ ni, mẹ́fà ni. Tíṣà lẹ́sìn tó ń wá sílé ní méje ni, ó sì fi ìka kà á lójú mi, méje náà ló pé lóòótọ́! Kò tún sí ẹni tó pè é bíi ti ẹnì kejì nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀kan ń pè é bíi pé páìpù omi ló wà nídìí ẹ̀. Aṣọ ni mò ń tà l'Ọ́jà Ọba, mi ò lè dá ẹjọ́ yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ gbà mí.

Bíríkìlà_ÒkèÀró

Màmá Tèmi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òyìnbó dẹ́rù bà yín. Bulọ́kù ni nǹkan yẹn. Nàìn-ínṣì tí à ń tò lójoojúmọ́, òun náà ni wọ́n fún lórúkọ gígùn. Ti sílébù ni mi ò mọ̀.

SouthGate_Boy

Mẹ́fà ni mà. Par-al-lel-e-pi-ped. Ẹ ṣí díkṣọ́nárì orí fóònù yín, ẹ máa rí i bẹ́ẹ̀. Orísun ẹ̀ náà rọrùn, parallel ni àwọn ìlà tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí wọn ò ní pàdé láé, piped ni ẹsẹ̀, ped yẹn náà ló wà nínú pedal kẹ̀kẹ́ àti pedestrian. Torí náà ohun tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ló túmọ̀ sí. Látìn sì ni, kì í ṣe Gíríkì. Kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á fún un ní máàkì.

Tíṣà_Àgbà_Oǹdó

SouthGate, o gba sílébù, o ṣi gbòǹgbò. Ẹ jẹ́ n fara balẹ̀ ṣàlàyé, torí mátíìsì ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní Oǹdó kí n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ yìí sì wà lára àwọn tó máa ń gún wọn lẹ́nu.

Gíríkì ni. Látìn kàn jẹ́ ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni. Parallelepipedon ni àwọn Gíríkì ń pè é, ibi tí wọ́n sì ti so ó pọ̀ ni kẹ́ ẹ wò: parallelos mọ́ epipedon. Parallelos fúnra ẹ̀ jẹ́ para, ìyẹn ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú allelon, ìyẹn ara wọn, èkíní sí èkejì. Epipedon náà jẹ́ epi, lórí, àti pedon, ilẹ̀. Ohun tó sùn gbalaja lórí ilẹ̀, ojú tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Epipedon ni àwọn Gíríkì ń lò fún ojú títẹ́ nínú jíọ́mẹ́tírì. Ẹ wá kó gbogbo ẹ̀ pọ̀: ohun tí àwọn ojú títẹ́ ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ti òkè dojú kọ ti ìsàlẹ̀, ti ọ̀tún dojú kọ ti òsì, ti iwájú dojú kọ ti ẹ̀yìn. Ojú mẹ́fà, etí méjìlá, igun mẹ́jọ, ojú kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ parallelogram, onígun mẹ́rin tí àwọn ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tó dojú kọra jẹ́ parallel.

Ẹsẹ̀ kọ́ ni ped yẹn. Ti pedal àti pedestrian, Látìn nìyẹn, pes, pedis. Ti wa yìí, pedon, ilẹ̀ ni. Àwọn onímọ̀ èdè sọ pé láyé ọjọ́un ìdí kan náà ni ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn ti hù jáde, àmọ́ bí ọmọ bá lọ kọ "ẹsẹ̀" níbi ìdíje, wọ́n á fagi lé e. Páìpù náà ò sí níbẹ̀ rárá. Ẹni tó bá gé e sí parallelo àti piped ti gé e níbi tí kò ní oríkèé. Ohun tó fà á táwọn èèyàn fi ń kọ parallelopiped náà nìyẹn, wọ́n ti rí o nínú parallelogram, wọ́n wá rò pé ó yẹ kó wà níbí pẹ̀lú. Ní parallelogram, parallelos ni wọ́n so mọ́ gramme, ìlà, o ló wà ní oríkèé wọn. Ti ibí yìí, e yẹn jẹ́ ti epi. Ọmọ tó bá ti mọ̀ pé epi ló wà láàárín, kò ní ṣi í kọ mọ́ láyé.

Euclid, Gíríkì tó kọ ìwé jíọ́mẹ́tírì ní Alẹkisáńdíríà nílẹ̀ Íjíbítì ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Jésù, lo ọ̀rọ̀ náà nínú apá kọkànlá ìwé náà, níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ àwọn ohun tó ní ìnà, ìbú àti gíga. Nígbà tí Henry Billingsley tú Euclid sí Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1570, -on ṣì wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n gé e.

Ó wá ku pípè. Pà-rà-lẹ̀-LẸ́-pì-pẹ̀ẹ̀dì. Ibi LẸ́ ni kí ohùn ti gòkè. Epi ni epi, bó ṣe wà nínú epidermis àti epicentre àti epidemic. Ta ló ń pe epáidémíìkì? Gbogbo àwọn tó ń pariwo PÁÌ-pẹ̀ẹ̀dì yẹn, páìpù ni wọ́n ń pè.

Ọmọ_Ijapo

Ẹ kú àlàyé sà, mo jẹ nínú ẹ̀ gan-an, àmọ́ ní ti pípè yẹn mi ò bá yín lọ. Ìlú ọba ni mo wà báyìí, PÁÌ ni mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Díkṣọ́nárì Merriam-Webster ti Amẹ́ríkà gan-an, PÁÌ ló fi ṣáájú. Pà-rà-lẹ̀-lẹ̀-PÁÌ-pẹ̀ẹ̀dì. Bó bá sì jẹ́ Gíríkì lẹ fẹ́ ká tẹ̀lé, ẹ wo bí àwọn Gíríkì ṣe ń kọ ọ́, orí pi ni wọ́n fi àmì ohùn sí, parallelepípedon. Wọn ò fi sórí le. Nítorí náà LẸ́ tẹ́ ẹ gbé sókè yẹn, ibo lẹ ti rí i?

Tíṣà_Àgbà_Oǹdó

Pí ni Gíríkì pè, kò pe PÁÌ. Bó o bá máa jẹ́ Gíríkì, jẹ́ ẹ dé ìdí. LẸ́ yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni mo ti rí i. Nígbà tí -on ti kúrò, wọ́n gbé ohùn sórí sílébù kẹta láti ẹ̀yìn, bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ gígùn: ge-OM-e-try, hy-POT-e-nuse. Ṣí díkṣọ́nárì Oxford tó tóbi, o máa bá a níbẹ̀.

Ọmọ_Ijapo

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́ sà, PÁÌ náà wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó bá lọ pe pàràlẹ̀LẸ́pìpẹ̀ẹ̀dì níwájú kuísì másítà, ẹnì kan á kàn ní kò mọ̀ ọ́n pè ni. Ohun tí etí àwọn èèyàn mọ̀ ni kó pè.

Olùkọ́Èdè

Ẹ̀yin àgbà méjèèjì, ẹ rọra o. Ohùn tó gòkè kì í ṣe sílébù. Bóyá LẸ́ ni bóyá PÁÌ ni, mẹ́fà náà ni sílébù ẹ̀, kò yí padà. Ìbéèrè tí Màmá Tèmi bi wá gan-an la ò tíì dáhùn, ìyẹn bí márùn-ún àti méje ṣe jáde. Yorùbá ni mò ń kọ́ ọmọ, ẹ jẹ́ n gba ibẹ̀ wọlé.

Márùn-ún yẹn, mo fura pé parallelogram ló wà lọ́kàn tíṣà iléèwé. Par-al-lel-o-gram, márùn-ún nìyẹn. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọ ara wọn, tíṣà kan náà ló sì máa ń kọ́ wọn ní pẹ́ríọ́dù kan náà, ó rọrùn láti gbé ti ọ̀kan fún èkejì.

Méje ló dùn jù. Tíṣà lẹ́sìn ò purọ́, etí Yorùbá ló fi gbọ́ ọ. Sílébù wa kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, ẹ ẹ̀ lè rí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó parí sí d tàbí s tàbí t. Bí òyìnbó bá fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, a óò wá fáwẹ́lì kan fi tì í lẹ́yìn: bread di búrẹ́dì, bed di bẹ́ẹ̀dì, glass di gíláàsì. Nítorí náà nígbà tó dé ped, pe-di ló kà, pa, ra, le, le, pai, pe, di, méje pé. Bó bá tiẹ̀ kà á bí àwa ṣe ń ka sílébù ní kíláàsì Yorùbá gẹ́lẹ́, mẹ́sàn-án ni ì bá bá: pà, rà, lẹ̀, lẹ̀, pá, ì, pẹ̀, ẹ̀, dì, torí fáwẹ́lì tó bá ti ru ohùn tirẹ̀, sílébù ni lọ́dọ̀ wa. Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, páì lódindi sílébù kan ni, ped lódindi sílébù kan ni. Ìdíje Gẹ̀ẹ́sì ló ń lọ, kó ka ti Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ: kó fi ẹ̀yìn ọwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n, kó pe ọ̀rọ̀ náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, iye ìgbà tí àgbọ̀n bá sọ̀ kalẹ̀ lu ọwọ́ ni sílébù. Ibi ped yẹn ni kó ṣọ́ra, kó pa ẹnu dé lórí d, kó má tún là á.

Ohun kan tún wà tí tíṣà lẹ́sìn lè fi gbèjà ara ẹ̀. Ti Gíríkì gan-an, méje ni. Pa-ral-le-le-pi-pe-don. Bí wọ́n bá béèrè ti parallelepipedon, òun ló gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ohun tó ń kà nìyẹn.

Ẹ wá gbọ́, ìwé Yorùbá tí ọmọ yín ń kà níléèwé lè ràn án lọ́wọ́ nínú gbòǹgbò yẹn. Para mọ́ allelon, kí ló dé tí kì í ṣe paraallelon? Ìpajẹ fáwẹ́lì ni! Bí ra mọ́ aṣọ ṣe di raṣọ, a kan ti lọ. Allelon fúnra ẹ̀ sì jẹ́ àpètúnpè. Allos ni "òmíràn" ní Gíríkì, wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mejì, òmíràn-òmíràn, ó wá di "ara wọn". SS2 ti ṣe ìpajẹ, wọ́n ti ṣe àpètúnpè, kó kàn gbé e lọ síbẹ̀.

Ní ti ìjà LẸ́ àti PÁÌ: àwa tí à ń pe ilé ní ulé ní Àkúrẹ́ níbí, tí ẹlòmíràn ń pè é ní ilé, a ṣì jọ ń gbénú ẹ̀. Kí ọmọ mọ méjèèjì, kó pe PÁÌ, bí wọ́n bá bi í kó ní òun mọ̀ pé LẸ́ wà. Kẹ́ ẹ sì fi àmì ohùn kọ ọ́ sínú ìwé fún un, torí ibi tí òyìnbó bá ti tẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ ni àwa máa ń gbé ohùn òkè sí. Ẹ wo kọ̀ǹpútà, ẹ wo hòtẹ́ẹ̀lì, ibi tí àmì òkè wà ni òyìnbó ń tẹ̀.

SouthGate_Boy

Àlàyé yìí mà le o. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mi ni pé, tó bá jẹ́ ohun olójú mẹ́fà ni, kí ló dé tí wọn ò kàn pè é ní hexahedron? Hex mẹ́fà, gbogbo ayé ló mọ ìyẹn. Sílébù ẹ̀ kéré, kò ní ìjà nínú.

Tíṣà_Àgbà_Oǹdó

Torí pé gbogbo parallelepiped ni hexahedron, àmọ́ kì í ṣe gbogbo hexahedron ni parallelepiped. Bo bá bẹ́ orí pyramid onígun mẹ́rin kúrò, ojú mẹ́fà ló kù sí ẹ lọ́wọ́, àmọ́ àwọn ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tẹ̀ sínú, wọn ò sí ní parallel. Hexahedron ń ka ojú nìkan, orúkọ gígùn yẹn ló ń sọ bí àwọn ojú náà ṣe dúró síra wọn.

Bíríkìlà_ÒkèÀró

Èmi ṣì dúró lórí bulọ́kù mi o. Òkè dojú kọ ìsàlẹ̀, ọ̀tún dojú kọ òsì, gbogbo ohun tí Bàbá Tíṣà kà sílẹ̀ ló wà lára nàìn-ínṣì, ẹ jẹ́ ká gbójú fo ihò inú ẹ̀. Àbí irọ́ ni?

Tíṣà_Àgbà_Oǹdó

Kì í ṣe irọ́. Bulọ́kù wà nínú ẹbí, òun ni èyí tí gbogbo igun ẹ̀ gún 90, cuboid. Kúúbù náà wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹbí náà gbòòrò ju ìyẹn lọ, èyí tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ náà wà lára wọn, òun gan-an ni ìdíje máa ń bi èèyàn.

Màmá Tèmi, ẹ mú páálí ìṣáná kan. Ẹ fa èyí tí igi ìṣáná wà nínú ẹ̀ yọ, ẹ gbé e sọ́tọ̀. Ìta tó kù, tó ṣófo, ẹ gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, kí ojú tó fẹ̀ wà nílẹ̀, kí ẹnu tó là dojú kọ yín. Ẹ fi ìka kan ti òkè ẹ̀ sápá ọ̀tún díẹ̀díẹ̀. Kò ní ya, á kàn wọ́. Ẹnu ẹ̀ tó jẹ́ rectangle tẹ́lẹ̀ á di parallelogram lójú yín, òkè á sì tún wà ní parallel sí ìsàlẹ̀, ọ̀tún sí òsì. Bẹ́ ẹ ṣe ń tì í sí i, kò sí etí ẹ̀ kankan tó gùn sí i tàbí tó kúrú, àmọ́ òrùlé ẹ̀ ń sún mọ́ tábìlì, ohun tó lè gbà nínú ń dín kù, títí tó máa fi sùn pẹrẹsẹ tí kò ní lè gba nǹkan kan mọ́. Nítorí náà bí wọ́n bá ní kó wá volume, ìwọ̀n ojú ìsàlẹ̀ ni kó fi lọ́po gíga tó dúró ṣánṣán, kì í ṣe etí tó dagun yẹn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣubú.

Bíríkìlà_ÒkèÀró

Bí bulọ́kù bá wọ́ báyẹn lọ́wọ́ mi, ẹni tó mọ ọ́n ni mo máa dá a padà fún. Ṣùgbọ́n mo ti ti páálí ìṣáná, òótọ́ ni. Ìyàwó mi ń wò mí bíi pé orí mi ti dàrú.

Ọmọ_Gẹọ́lọ́jì

Mo ń ka Applied Geology ní FUTA, ọ̀rọ̀ yìí ò tán nínú tiwa, torí náà kí ọmọ yín má rò pé ìdíje nìkan ló wúlò fún. Bí átọ́ọ̀mù ṣe ń tò ara wọn nínú òkúta, a máa ń mú ẹyọ kan tó kéré jù tó ń ṣe ara ẹ̀ léraléra, unit cell là ń pè é, parallelepiped sì ni. Calcite wà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá fi hámà lù ú, kì í fọ́ bó ṣe wù ú, ńṣe ló máa ń là sí àwọn ègé tí ojú wọn wọ́ báyìí gẹ́lẹ́. Ẹ tún fi hámà lu ègé kékeré yẹn, irú kan náà lá tún bọ́ jáde. Rhombohedron là ń pè é, ìyẹn parallelepiped tí gbogbo etí méjèèjìlá ẹ̀ gùn dọ́gba. Lékíṣọ́rà wa ń pe PÁÌ o, kí n fi ìyẹn kún un.

ÌyáTèmi (Ọba-Ilé, Àkúrẹ́)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Olúwa á máa fún yín ní òye kún òye. Ọmọ mi ti ń fi ọwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n káàkiri ilé láti àárọ̀. Mo pe tíṣà lẹ́sìn, mo ka ti Olùkọ́Èdè fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ti Gíríkì lòun kà látilẹ̀wá. Ti iléèwé ni mi ò mọ bí mo ṣe máa gbé e, mi ò fẹ́ kí tíṣà rò pé mo ń bú u. Ẹ wá bá mi wo àwọn tó kù lórí líìsì wọn: hypotenuse, isosceles, rhombus, trapezium, septagon.

Olùkọ́Èdè

Ti tíṣà iléèwé, ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra ẹ̀ bi í ní ìbéèrè, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, parallelogram àti parallelepiped, ṣé iye sílébù wọn dọ́gba?" Tó bá ti ka méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, òun náà á rí i. Ẹ má tẹ tẹlifóònù pè é.

Ọmọ_Ijapo

Hypotenuse, mẹ́rin, hàì-PỌ́-tẹ̀-núùsì. Hypo ni abẹ́, teinein ni kí nǹkan nà. Ìlà tó nà sábẹ́ igun 90 yẹn.

Isosceles, mẹ́rin, àì-SỌ́-sẹ̀-lìísì. Isos ni dọ́gba, skelos ni ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Kó ṣọ́ra fún c tó wà níbẹ̀, wọn kì í pè é, àmọ́ bí wọ́n bá ní kó sípẹ́lì, ó gbọ́dọ̀ wà. Ara k inú skelos ni c yẹn.

Rhombus, méjì péré. Rhombos, ohun tó ń yí pòòyì. H tó tẹ̀ lé r ni wọ́n máa ń gbàgbé.

SouthGate_Boy

Nítorí náà skelos ni ẹsẹ̀ tó wà ní jíọ́mẹ́tírì, ped kọ́. Ó dáa.

Tíṣà_Àgbà_Oǹdó

Ẹsẹ̀ mìíràn ṣì wà, ọmọ mi. Trapezium, mẹ́rin, trà-PÍ-zì-ọ̀ọ̀mù. Trapeza ni tábìlì ní Gíríkì, trapezion ni tábìlì kékeré, trapeza fúnra ẹ̀ sì wá láti inú tetra, mẹ́rin, àti peza, ẹsẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ibí ni ẹsẹ̀ ẹ wà.

Septagon yẹn, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí líìsì. Septem Látìn, méje, ni wọ́n lẹ̀ mọ́ gonia Gíríkì, igun. Heptagon ni orúkọ tó yẹ ẹ́, hepta, méje ti Gíríkì, mọ́ gonia, sílébù mẹ́ta. Bí wọ́n bá béèrè gbòǹgbò Gíríkì septagon, kí ni ọmọ fẹ́ sọ?

Ará_Alágbàká

Mo fẹ́ fi kún ti trapezium, torí ó ti kó ìbátan mi kan sí wàhálà nígbà tó gba ìdánwò Amẹ́ríkà. Onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ méjì péré nínú ẹ̀ jẹ́ parallel, trapezium là ń pè é níbí, bẹ́ẹ̀ náà ni WAEC ń lò ó, ti Bìrìtìkó là ń tẹ̀lé. Trapezoid ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é. Trapezium lọ́dọ̀ wọn ni èyí tí kò ní parallel kankan! Ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ mátíìsì tí Charles Hutton gbé jáde ní 1795 ló gbé orúkọ méjèèjì fún ara wọn, Amẹ́ríkà wá dì í mú bẹ́ẹ̀, Bìrìtìkó padà sí tàtijọ́. Kí ọmọ yín má lọ ka orí íntánẹ́ẹ̀tì kó wá dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ jẹ́ ti Amẹ́ríkà.

Ohun kejì, àwọn ìwé àtijọ́ kan wà tí wọ́n tẹ parallelopiped pẹ̀lú o síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí iléèwé bi àwọn tó ń ṣètò ìdíje ṣáájú, díkṣọ́nárì wo ni wọ́n máa fi ṣèdájọ́. Kì í ṣe orí pèpéle ni èèyàn ti ń jà ìyẹn.

ÌyáTèmi (Ọba-Ilé, Àkúrẹ́)

Ẹ kú òye o. Ó ku ẹyọ kan, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un wá báyìí: icosahedron.

Ọmọ_Gẹọ́lọ́jì

Àì-kò-sà-HÍ-drọ̀n. Eikosi ni ogún, hedra ni ìjókòó, ibi tí nǹkan fi ń jókòó sílẹ̀, ìyẹn ojú ẹ̀. Olójú ogún. Èyí tó gún régé, tíráyáńgù tí ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ẹ̀ dọ́gba ni ojú kọ̀ọ̀kan.

Olùkọ́Èdè

Márùn-ún ni sílébù ẹ̀ o màmá. Ẹ sọ fún un kó má fi í sáàárín d àti r kó wá di dírọ̀n, mẹ́fà ló máa kà.